Kí Ni Pírìnsípà Fẹ́ Fi Oyè Ọ̀mọ̀wé Ṣe?

Lọ́dún 2005, Arthur Levine, ẹni tó ń darí Teachers College ní Yunifásítì Columbia ní New York nígbà náà, gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde tó bí ọ̀pọ̀ ojúgbà rẹ̀ nínú. Ohun tó wádìí ni bí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ṣe ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di ọ̀gá ilé ìwé tàbí ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́ ìlú. Kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní púpọ̀ nínú àwọn ètò náà kò kúnjú òṣùwọ̀n rárá, pé yunifásítì ń gba ẹnikẹ́ni tó bá ti lè sanwó, wọ́n sì ń fún un ní ìwé ẹ̀rí tó máa gbé owó oṣù rẹ̀ sókè láìjẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ dára sí i. Ìmọ̀ràn tó mú wá ló dá wàhálà sílẹ̀ jù: kí wọ́n fagi lé oyè ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń pè ní Ed.D. fún àwọn ọ̀gá ilé ìwé, kí wọ́n fi oyè másítà kan tó lágbára rọ́pò rẹ̀. Teachers College tí òun fúnra rẹ̀ ń darí wà lára àwọn tó ń fúnni ní oyè yìí, nítorí náà a ò lè sọ pé ará òde tí kò mọ nǹkan kan ló ń sọ̀rọ̀.

Ó ti lé lógún ọdún tí Levine ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tutù, ó sì kàn wá nílé. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ àti ní Yunifásítì Èkó, ẹ̀ka wà tó ń kọ́ni ní ìṣàkóso ètò ẹ̀kọ́ títí dé orí Ph.D., àwọn pírìnsípà, igbákejì wọn àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ilé ìwé sì wà lára àwọn tí ètò bẹ́ẹ̀ wà fún. Àwọn kan fẹ́ máa kọ́ni ní yunifásítì lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, àwọn kan ń wá ìgbéga, àwọn kan kàn fẹ́ kí “Dókítà” ṣíwájú orúkọ wọn kí wọ́n tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀ díẹ̀: ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS 1 ní ilé ìwé irú pírìnsípà bẹ́ẹ̀, kí ló máa rí gbà nínú ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ọ̀gá rẹ̀ fi ń sáré lọ sí yunifásítì? Èrò mi ni pé ó lè rí ohun púpọ̀ gbà, bó bá jẹ́ pé wàhálà ilé ìwé yẹn gan-an ni ọ̀gá gbé lọ síbẹ̀ láti wádìí, tó sì ń gbé ohun tó rí padà wá sílé láti dán an wò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé Levine ló jàre.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ irú oyè tí à ń sọ, nítorí méjì ni wọ́n. Ph.D. wà fún ẹni tó fẹ́ fi ìwádìí ṣiṣẹ́ jẹun, tó fẹ́ máa kọ́ni ní yunifásítì, tó sì gbọ́dọ̀ fi ìmọ̀ tuntun kún èyí tó wà nílẹ̀. Ed.D. ni wọ́n dá sílẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀. Nígbà tí Harvard dá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó wà fún ètò ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1920, Ed.D. ló mú lò. Ọdún 1992 ni Yunifásítì Bristol gbé e wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lórí bébà, ìyàtọ̀ méjèèjì hàn kedere. Nígbà tí wọ́n bá dé inú kíláàsì, ìyàtọ̀ náà máa ń pòórá. Àwọn olùkọ́ kan náà ló ń kọ́ wọn, ìwé kan náà ni wọ́n ń kà, irú ìwé ìwádìí kan náà ni wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ wọn. Ibi tó ń já sí ni pé ọ̀gá ilé ìwé máa fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta pín ìwé ìbéèrè fún irinwó olùkọ́ káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ mélòó kan, kó lè mọ̀ bóyá ọ̀nà tí àwọn ọ̀gá wọn ń gbà darí bá ìtẹ́lọ́rùn wọn lẹ́nu iṣẹ́ mu. Á ṣírò rẹ̀, á rí i pé ó bá a mu díẹ̀, á sì dábàá ní orí karùn-ún pé kí ìjọba máa dá àwọn ọ̀gá lẹ́kọ̀ọ́ lóòrèkóòrè. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ń kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ sí ní yunifásítì wa mọ̀ pé mi ò bù mọ́ ọn. Ilé ìwé tí ẹni náà ń darí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kò sí nínú ìwé rẹ̀ níbì kankan.

Ká tó béèrè bóyá oyè wúlò, ó yẹ ká béèrè bóyá ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀ já mọ́ nǹkan nínú ẹ̀kọ́ ọmọ, nítorí àwọn kan gbà pé olùkọ́ ló ń ṣiṣẹ́, pé ọ̀gá kàn ń fọwọ́ síwèé ni. Lọ́dún 2004, Kenneth Leithwood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ fún Wallace Foundation, wọ́n sì parí rẹ̀ sí pé nínú gbogbo ohun inú ilé ìwé tó ń ran ẹ̀kọ́ ọmọ lọ́wọ́, ìkọ́ni inú kíláàsì nìkan ló ṣáájú ìdarí. Nígbà tó di ọdún 2021, Jason Grissom, Anna Egalite àti Constance Lindsay tún un yẹ̀ wò pẹ̀lú ìṣirò tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ká to àwọn ọ̀gá ilé ìwé láti ẹni tó rẹ̀yìn jù dé ẹni tó dára jù; bí a bá mú ọ̀gá tó wà ní ipò 25 nínú 100 kúrò, tí a fi ẹni tó wà ní ipò 75 rọ́pò rẹ̀, ohun tí àwọn ọmọ máa fi kún ìmọ̀ wọn lọ́dún kan tó ẹ̀kọ́ oṣù 2.9 nínú ìṣirò àti oṣù 2.7 nínú ìwé kíkà. Ohun tí olùkọ́ rere lè ṣe fún ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n kíláàsì rẹ̀ nìkan ló mọ. Ti ọ̀gá ń kan gbogbo ọmọ tó wà nínú ọgbà ilé ìwé, àti àwọn tí wọn ò tíì wọlé.

Ìwádìí mìíràn tiẹ̀ sọ ohun tí ọ̀gá rere ń ṣe. Viviane Robinson, ọ̀mọ̀wé ọmọ New Zealand, àti àwọn méjì mìíràn gbé iṣẹ́ kan jáde lọ́dún 2008 tó wọn bí ohun márùn-ún tí ọ̀gá máa ń ṣe ṣe ń ran ẹ̀kọ́ ọmọ lọ́wọ́ tó, láti orí ká fi ohun tí à ń lépa hàn dé orí ká mú kí ilé ìwé tòrò. Pé kí ilé ìwé tòrò, tí ọ̀pọ̀ òbí nílé wa gbà pé òun ni olórí iṣẹ́ pírìnsípà, ló kéré jù nínú wọn, 0.27. Èyí tó ga jù ni kí ọ̀gá jókòó pẹ̀lú àwọn olùkọ́ kí òun náà máa kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni pẹ̀lú wọn: 0.84, ìlọ́po méjì èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, nítorí òun ló máa jẹ́ ká mọ irú oyè tó yẹ ọ̀gá. Oyè tó bá ń fà á kúrò láàárín àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń gbà á lọ́wọ́ ohun tó níyì jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ yunifásítì tó lórúkọ jù lágbàáyé ló fún un.

Ẹ̀rí kan wà tí ẹni tó fẹ́ràn oyè kò ní fẹ́ kí n dárúkọ. Damon Clark, Paco Martorell àti Jonah Rockoff wo àwọn ọ̀gá ilé ìwé ní ìlú New York nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2009. Wọn ò rí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ibi tí ọ̀gá ti kàwé tàbí iṣẹ́ tó ṣe kó tó di ọ̀gá ń sọ bí ilé ìwé rẹ̀ ṣe máa rí. Ohun tó sọ ọ́ ni ọdún tó ti lò nípò ọ̀gá, pàápàá nínú èsì ìṣirò àti nínú iye ọjọ́ tí ọmọ ń pa ilé ìwé jẹ. Ẹni tó bá ń wá ìdí láti sọ pé oyè kò wúlò ti rí i. Ṣùgbọ́n ká fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n rí. Wọn ò sọ pé ọ̀gá kì í kọ́ nǹkan. Wọ́n sọ pé ẹnu iṣẹ́ ló ti ń kọ́ ọ. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnu iṣẹ́ ń kọ́ni díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ná àwọn ọmọ ní nǹkan: àwọn tó wà ní ilé ìwé ní ọdún àkọ́kọ́ àti ìkejì ọ̀gá tuntun ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí yunifásítì bá lè jókòó ti ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ náà, tó lè jẹ́ kí ó kọ́ ní ọdún méjì ohun tí ì bá kọ́ ní mẹ́fà, oyè wúlò. Ìwé ẹ̀rí tó gbà kó tó débẹ̀ kò lè ṣe ìyẹn fún un.

Ìlú Chicago ló jẹ́ ká rí bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe lè rí. Lọ́dún 1987, William Bennett, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà, sọ ní gbangba pé ilé ìwé ìlú náà ló burú jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìpínlẹ̀ Illinois ṣòfin tó gbé agbára àtiyan ọ̀gá lé ọwọ́ ìgbìmọ̀ ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, nínú èyí tí òbí mẹ́fà wà, tí àwọn aráàdúgbò àti olùkọ́ sì kún wọn. Ìgbìmọ̀ ń gba ọ̀gá síṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n lè kọ̀ láti tún àdéhùn rẹ̀ ṣe. (Ẹ fojú inú wo òbí ní Mushin tàbí ní Ṣáàsá tó ní irú àṣẹ yẹn.) Àmọ́ àṣẹ láti yan èèyàn kò wúlò bí ẹni tó ṣeé yàn kò bá sí nílẹ̀. Àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí ìṣàkóso pọ̀ lọ súà. Ẹni tó lè wọ ilé ìwé tó ti dẹnu kọlẹ̀ kó sì gbé e dìde ló ṣọ̀wọ́n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, University of Illinois Chicago tú Ed.D. tó ń fún àwọn ọ̀gá ilé ìwé ká, ó sì tún un tò láti ìsàlẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n yí padà ni ẹnu ọ̀nà. Pé èèyàn lè sanwó kò tó mọ́. Wọ́n ń wá ẹni tó ti fi hàn pé òun mọ bí a ṣe ń kọ́ni àti pé àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé òun. Ẹni tó bá wọlé máa lo odindi ọdún kan ní ilé ìwé lábẹ́ ọ̀gá tó mọṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ sì ń wọlé. Kì í ṣe pé ó ń gbé fáìlì tẹ̀ lé ọ̀gá kiri. Ó ń darí ẹgbẹ́ olùkọ́, ó ń wo iṣẹ́ tí wọ́n ń fún ọmọ, ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, òun ni wọ́n á bi. Olùtọ́sọ́nà kan, ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé rí tí iṣẹ́ rẹ̀ sì yọrí, máa ń wá bá a níbẹ̀, á wò ó bó ṣe ń ṣe ìpàdé, á sì bá a jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó bá wá di ọ̀gá ní ilé ìwé tirẹ̀, olùtọ́sọ́nà kò fi í sílẹ̀. Èyí ni mo rò pé ó lọ́gbọ́n jù nínú gbogbo ètò náà, nítorí àwọn ọdún tó le jù fún ọ̀gá tuntun gan-an ni àwọn ètò tó kù ti fún un ní ìwé ẹ̀rí, tí wọ́n sì ti gbàgbé rẹ̀. Ìwé ìwádìí tó máa fi gboyè ń dá lórí iṣẹ́ ìdarí rẹ̀: kí ló gbìyànjú láti yí padà, ẹ̀rí wo ló fi mọ̀ pé ó yí tàbí kò yí, kí ló sì rí kọ́ nínú bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń darí.

Ẹ̀rí tí ọ̀gá ilé ìwé Chicago ń lò kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Àwọn aṣèwádìí ní University of Chicago ti fi hàn pé a lè mọ ọmọ tó máa parí ilé ìwé sẹ́kọ́ńdírì láti ìparí ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó bá yege nínú iṣẹ́ tó pọ̀ tó láti bọ́ sí kíláàsì kejì, tí kò sì fìdí rẹmi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú àwọn iṣẹ́ pàtàkì, ní àǹfààní ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ láti jáde lákòókò ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan tí ọ̀gá lè ṣe sí nìyí. Ó lè mọ orúkọ àwọn ọmọ tó ti ń ṣubú kí sáà kìíní tó parí, kí ó pe olùkọ́ wọn jọ, kí wọ́n wá ìdí rẹ̀ nínú ìwé ìpe-orúkọ àti nínú máàkì. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, nǹkan bí ìdajì ọmọ ló ń parí ilé ìwé sẹ́kọ́ńdírì ní Chicago; nígbà tó fi máa tó ogún ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n ti lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Lọ́dún 2017, Sean Reardon àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Yunifásítì Stanford ṣírò pé láàárín kíláàsì kẹta sí ìkẹjọ, àwọn ọmọ ìlú náà ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́fà ní ọdún márùn-ún.

Ó máa jẹ́ àṣejù láti kó gbogbo ìyìn yìí fún oyè ọ̀mọ̀wé kan. Ilé ìwé ìlú náà lé ní 600, ọ̀pọ̀ ètò mìíràn sì ń dá ọ̀gá lẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Owó, òfin àti olùkọ́ náà kó ipa tiwọn. Ohun tí mo lè dúró lé lórí kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tó: ó ṣeé ṣe láti fi oyè ọ̀mọ̀wé tọ́ ọ̀gá ilé ìwé lẹ́nu iṣẹ́, kí ìwádìí rẹ̀ sì jẹ́ ti ilé ìwé rẹ̀, láìjẹ́ pé yunifásítì dójú ti ara rẹ̀. Kì í ṣe Chicago nìkan ló mọ èyí. Lọ́dún 2007, ní ìdáhùn sí àwọn ẹ̀sùn bíi ti Levine, nǹkan bí yunifásítì 25 kó ara wọn jọ lábẹ́ Carnegie Foundation, tí Lee Shulman ń darí nígbà náà, láti tún Ed.D. ṣe kí wọ́n má fagi lé e. Wọ́n ti lé ní 100 báyìí. Àdéhùn wọn ni pé ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ara ìṣòro tó wà níwájú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Harvard gba ọ̀nà tirẹ̀: lọ́dún 2010 ó dá oyè ọlọ́dún mẹ́ta kan sílẹ̀, Ed.L.D., èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lo ọdún tó kẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ gidi, kò sì pẹ́ tí Ed.D. àtijọ́ wọn fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Bí a bá mú un wá sílé, kí ló máa rí bí? Ká ní pírìnsípà kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun rí i pé ìdajì ọmọ SS 2 kì í wá sí kíláàsì ní ọjọ́ ọjà. Ní ọ̀nà àtijọ́, á kọ ìwé lórí “àwọn ohun tó ń fa pípa ilé ìwé jẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun”, á sì to ohun mẹ́wàá tí gbogbo wa ti mọ̀. Ní ọ̀nà tí mò ń sọ yìí, á kọ́kọ́ wo ìwé ìpe-orúkọ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn láti mọ àwọn ọmọ náà ní ẹyọ-ẹyọ. Ó lè rí i pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, pé iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń bá ìyá wọn ṣe, pé aago mẹ́wàá ni ọwọ́ wọn máa ń dilẹ̀, ṣùgbọ́n géètì ti tì, pàṣán sì ń dúró dè wọ́n. Òun àti olùkọ́ mẹ́rin á jọ yí nǹkan kan padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bóyá kí wọ́n gbé ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀sán ní ọjọ́ yẹn kí géètì sì wà ní ṣíṣí. Wọ́n á ka iye ọmọ tó wá, wọ́n á wo ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n á tún un ṣe. Á ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Gánà tàbí ní Íńdíà, nítorí ohun tó ń pọn ọ́n lójú ló ń kà nípa rẹ̀, kì í ṣe láti fi kún orí kejì ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, ohun tó máa kọ kò ní gùn bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n pírìnsípà ní Ẹdẹ tàbí ní Ìwó lè mú un kó sì dán an wò.

Ẹni kan lè sọ pé gbogbo èyí kò ní láárí, pé àwọn ọ̀gá ilé ìwé tó lórúkọ jù nílẹ̀ Yorùbá kò gba oyè ọ̀mọ̀wé kankan nínú ìṣàkóso. Òótọ́ ni. Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti tó darí Abẹ́òkúta Grammar School, tó tún jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ olùkọ́ NUT, kò nílò rẹ̀; Tai Solarin tó dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956 kò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ní tí pírìnsípà òde òní kò ní. Láti 1932 títí di 1954 ni Ransome-Kuti fi wà ní ilé ìwé kan ṣoṣo, ọdún 22, lẹ́yìn tó ti darí Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Ìwádìí New York ti sọ pé pípẹ́ nípò ọ̀gá ló ń kọ́ni. Ẹni tó bá lo ọdún 22 láàárín àwọn olùkọ́ àti òbí kan náà ti gba oyè tó ju ti yunifásítì lọ. Lónìí, ọjọ́ orí lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n sábà fi ń sọni di pírìnsípà ní ilé ìwé ìjọba. Ẹlòmíràn máa débẹ̀ nígbà tí ọdún díẹ̀ péré kù fún ìfẹ̀yìntì rẹ̀, wọ́n sì lè gbé e láti ilé ìwé kan sí òmíràn kó tó mọ orúkọ gbogbo olùkọ́ rẹ̀. Nítorí pé àkókò kò sí mọ́ ni a ṣe nílò ohun tó máa mú ẹ̀kọ́ ẹnu iṣẹ́ yá.

Àríwísí tó le ju ìyẹn lọ wà. Bí ọ̀gá bá ń wádìí ilé ìwé tirẹ̀, ta ló máa sọ òótọ́ fún un? Olùkọ́ tó mọ̀ pé ọ̀gá ló ń kọ ìjábọ̀ nípa òun lọ́dọọdún kò ní sọ pé ètò ọ̀gá kò wúlò. Ọ̀gá náà kò sì ní fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kùnà. Mo gbà pé ewu gidi nìyí, mi ò sì rò pé ìlérí òtítọ́ lásán lè wò ó sàn. Ohun mẹ́ta ló lè dín in kù. Kí ẹ̀rí tó ń lò jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn lè ṣí wò, bí ìwé ìpe-orúkọ, ìwé àwọn ọmọ àti èsì WAEC, kó má jẹ́ ohun tí olùkọ́ fi ẹnu sọ fún un nìkan. Kí àwọn pírìnsípà tí wọ́n jọ ń kàwé máa ṣe àbẹ̀wò sí ilé ìwé ara wọn, kí àwọn ni wọ́n bá olùkọ́ sọ̀rọ̀, kí ọ̀gá má sì sí níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ló ṣòro jù fún yunifásítì: kí ìwé tó sọ pé “ohun tí mo gbìyànjú kò ṣiṣẹ́, ìdí rẹ̀ rèé” lè gboyè bíi ti ẹni tí tirẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí ìyẹn kò bá sí, gbogbo ètò máa yọrí sí rere lórí bébà.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn bẹ̀rù pé irú ìwádìí báyìí máa sọ oyè ọ̀mọ̀wé di yẹpẹrẹ, pé ọ̀rọ̀ géètì àti ọjọ́ ọjà kò yẹ yunifásítì. Aliu Babatunde Fafunwa ló yẹ kó dá wọn lóhùn. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ètò ẹ̀kọ́, ní New York University lọ́dún 1955. Nígbà tó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ jù bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970 ní kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀: wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n kọ́ ní ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ìbéèrè tó wá láti inú kíláàsì ni, inú kíláàsì ni wọ́n ti dáhùn rẹ̀, àwọn onímọ̀ èdè àti ètò ẹ̀kọ́ káàkiri ayé sì ń tọ́ka sí i di òní. Ẹni tó bá pe irú iṣẹ́ yẹn ní yẹpẹrẹ, mi ò mọ ohun tó máa pe ìwé ìbéèrè irinwó olùkọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó àti àkókò, tó sábà máa ń pa ohun rere nílé wa. Ẹnìkan lè ní kí á fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkúrú ṣe é, irú èyí tí NIEPA, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Oǹdó láti 1992, ń ṣe fún àwọn alábòójútó ètò ẹ̀kọ́. Ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ òfin, ìṣirò owó àti bí a ṣe ń kọ ìjábọ̀, ọ̀pọ̀ pírìnsípà kò sì nílò jù bẹ́ẹ̀. Mi ò rò pé gbogbo pírìnsípà ló yẹ kó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Bí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún bá gbà á ní ọ̀nà tó tọ́, wọ́n lè di olùtọ́sọ́nà fún àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n níbi tí Chicago ti ń san owó oṣù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ọ̀gá, pírìnsípà tiwa ló sábà ń fi owó ara rẹ̀ san ohun gbogbo, tó ń fi ọjọ́ Jímọ̀ sá kúrò níbi iṣẹ́ kó lè bá alábòójútó ìwádìí rẹ̀. Ìjọba tó bá fẹ́ kí oyè náà wúlò fún ilé ìwé gbọ́dọ̀ san lára owó rẹ̀, kó sì gba àdéhùn lọ́wọ́ ẹni tó ń san án fún pé ilé ìwé rẹ̀ ló máa wádìí. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2022 gbé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ láti 60 sí 65, iye ọdún iṣẹ́ láti 35 sí 40. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ti gba òfin náà wọlé, pírìnsípà tó bá gboyè ní ẹni àádọ́ta ọdún lè ní ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti fi ṣiṣẹ́ lórí ohun tó kọ́, bí ó bá ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún wọ̀nyẹn máa ṣòfò bí ó bá jẹ́ pé lọ́sẹ̀ tó gboyè ni wọ́n gbé e kúrò ní ilé ìwé lọ jókòó sí ọ́fíìsì kan ní iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, níbi tí kò ti ní rí ọmọ kankan láti àárọ̀ di alẹ́.